Òjá Lábẹ́ Gbérí Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì kọjá ìbàdí bàbá mi, iṣẹ́ kan wà nílé wa tí wọn kì í gbé fún ẹlòmíràn àfi èmi. Ẹ má rò pé omi pípọn ni o, tàbí ilé gbígbá. Gbogbo ọmọ ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọjú sí ògiri, kí n di ojú mi, kí n sì máa tẹ́tí sílẹ̀ bóyá aṣọ bàbá mi ń pariwo.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wọn ní pálọ̀ wa ní Kubwa, l'Abuja níbí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ óò gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọdẹ ni bàbá mi, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́. Nígbà òjò, ohun tó bá wu ọdẹ ló lè wọ̀ lọ sígbó, torí pé ilẹ̀ rọ̀, ewé tutù, òjò fúnra rẹ̀ sì ń pariwo ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbogbo koríko á gbẹ, atẹ́gùn á sì máa gbé ìró kékeré lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ìdájí, òtútù á máa gé ni létí. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á tún yọ, á máa jó ni lẹ́yìn. Ẹ̀gún wà níbẹ̀, èèmọ́ náà wà, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ni láṣọ bí ẹni tó fẹ́ báni délé. Aṣọ kan ṣoṣo ni ọdẹ máa wọ̀ tí yóò fi la gbogbo rẹ̀ kọjá, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fa yọ nínú àpótí láìrò ó.

Ìyá mi ló ń hun aṣọ náà. Kíjìpá ni, ó nípọn dáadáa. Bó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ lórí òfì, kò tíì ṣeé wọ̀ lọ sígbó, torí kíjìpá tuntun máa ń le gbagidi, á sì máa dún gìrìgìrì bí èèyàn bá ń rìn. Ìyá mi á rẹ ẹ́ sómi, á gbé e lé orí òkúta, á máa lù ú títí yóò fi rọ̀. Ó ní èèpo igi kan tó máa ń sè, tí á rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀ kó lè ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, nítorí aṣọ aró máa ń hàn ketekete láàárín koríko ọyẹ́. Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án láéláé. Ẹran ìgbẹ́ tó bá gbóòórùn ọṣẹ ti mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀. Omi lásán ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọn á sì fi kọ́ àjà ilé ìdáná, lókè ààrò, kí èéfín lè wọ̀ ọ́ lára. Bàbá mi ní kò sí ẹran tí èéfín ń bà lẹ́rù nígbà ọyẹ́, torí ibi gbogbo ni wọ́n ti ń dáná sun igbó nígbà náà.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ àṣà ilé wa. Gbérí ni wọ́n ń pe ẹ̀wù ọdẹ yìí, bàbá mi kì í sì í fọwọ́ ara rẹ̀ mú gbérí sọ̀kalẹ̀ lájà. Ìyá mi ni yóò gun àpótí, tí á mú un, tí á gbọ̀n ọ́n, tí á sì gbé e lé e lọ́wọ́. Bí ìyá mi kò bá gbé e, kò sí ìgbẹ́ dídẹ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ga, ó lágbára, ohùn rẹ̀ máa ń mi ilé, ṣùgbọ́n n kò rí i kó na ọwọ́ sí àjà yẹn rí.

Tó bá ti wọ̀ ọ́ tán, iṣẹ́ mi dé nìyẹn. Màá kọjú sí ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi á lọ sí ẹnu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lẹ́yìn mi. Bí mo bá gbọ́ ohunkóhun, màá na ọwọ́ sókè. Nígbà mìíràn okùn ṣòkòtò ni, nígbà mìíràn ọ̀bẹ ló ń kan ìwo ẹ̀tù. Wọn á tún un ṣe, á tún padà sí ẹnu ọ̀nà. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, ohun tí màá kàn mọ̀ ni pé ọwọ́ ńlá kan bà lé mi lórí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyá mi, o ṣeun," ni bàbá mi máa ń wí. "Ìyá mi" ló máa ń pè mí, nítorí pé lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mi. Títí di òní, n kò mọ ohun tó dùn mọ́ mi tó ọwọ́ yẹn.

Ọyẹ́ ọdún kan dé, òtútù wọ bàbá mi láyà. Orí ẹní ló ti lo gbogbo ọyẹ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń wúkọ́ títí egungun ìhà rẹ̀ fi hàn síta. Ìyá mi kò róorun sùn. Òun ló ń gbé e jókòó, òun ló ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ara rẹ̀ padà yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àyà náà kò padà sí bó ṣe wà. Bó bá ti ń mí, èèyàn á máa gbọ́ ohun kan tó ń súfèé níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o. Láàárín àwọn ọdẹ ìlú wa, bàbá mi ló ń ṣíwájú. Òun ló ń kọ́kọ́ wọ igbó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ìgbẹ́ ọyẹ́, ìyẹn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo ọdẹ ń jáde nígbà ọyẹ́. Ìlànà wọn ni pé ẹni tí kò bá lè lọ lọ́jọ́ náà fún ọdún kan, wọn á dúró dè é. Bí kò bá tún lè lọ lọ́dún kejì, á fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ lé e, á sì gbé ìbọn kọ́. Bàbá mi kò mọ iṣẹ́ mìíràn tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Ó ń roko lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ti ń kọ ebè ni ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà igbó. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì tún mọ ohun tí ojú òun rí nídìí ẹní lọ́dún tó kọjá.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ojú la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nílé. Ìyá mi ń wo àjà, bàbá mi ń wo ìyá mi. Ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ku ilẹ̀ kó mọ́ tí wọn yóò fi ṣí ìgbẹ́, kí ìyá mi tó gun àpótí, tó mú gbérí náà, tó sì dì í mọ́ra.

"Ẹ wọ̀ ọ́," ó ní. "Ọmọ yín ni yóò sọ. Bí kò bá gbọ́ yín, ẹ máa lọ. Bó bá gbọ́ yín, màá dá a padà sájà, a ò sì ní sọ ọ́ mọ́."

Ẹ ò rí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọmọdé lórí! Mo kọjú sí ògiri, mo di ojú, mo ń bẹ Ọlọ́run kí n má gbọ́ nǹkan kan. Aṣọ kò dún. Okùn kò dún. Ṣùgbọ́n bó ti ń sún mọ́ mi ni mo ń gbọ́ àyà rẹ̀, fíì, fíì, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ ń gbìyànjú láti há èémí mọ́ inú. Ọwọ́ mi gbé ara rẹ̀ sókè.

"Ṣé aṣọ ni?" bàbá mi bi mí.

"Rárá, Bàbá. Àyà yín ni."

Kò bá mi wí. Ó bọ́ gbérí, ó jókòó sórí àpótí tí ìyá mi gùn, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀. N kò rí bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo bú sẹ́kún, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún un gbọ́, bóyá etí mi ló ń tàn mí. Ìyá mi gba gbérí lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú, ó dúró níwájú ààrò, ó di aṣọ náà mú, kò sì fi kọ́.

Ohun tó ń rò ni pé bí àyà náà bá gbóná, súfèé yẹn á rọlẹ̀. Òun náà ti rí i bẹ́ẹ̀ nídìí iná. Ká ní ilé ló máa jókòó sí ni, òrí ni ì bá fi pa á láyà, tàbí ìpara aláta tí àwọn olóògùn ń tà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní òórùn, wọn ò ṣeé gbé wọ igbó. Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti fi súwẹ́tà kan ránṣẹ́, pupa fòò, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún. Ìyá mi ní kó wọ̀ ọ́ sábẹ́ gbérí, kó má baà hàn síta. Bàbá mi kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họra bí ẹni tí wèrèpè bà. Èmi tí mò ń sunkún, ẹ̀rín pa mí. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi bọ́ ọ, ó jù ú sí mi, òun ni mo sì fi ń bo ẹsẹ̀ sùn títí ó fi ya.

Ìgbà náà ni ìyá mi wọ yàrá, tó sì mú òjá jáde. Òjá tó fi pọn gbogbo wa ni. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún nígbà tó ń retí àkọ́bí rẹ̀, ó ti gbó, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, èéfín ilé ìdáná ti wọ̀ ọ́ lára láti ọdún tó pẹ́. Ó gbé e sún mọ́ iná títí ó fi gbóná, ó ní kí bàbá mi gbé apá sókè.

Bàbá mi sún sẹ́yìn. "Òjá kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Gbogbo ọmọ yín ló lo ọyẹ́ nínú rẹ̀," ìyá mi dá a lóhùn, "kò sì sí èyí tí òtútù mú níbẹ̀. Ẹ gbé apá yín sókè."

Ó gbé apá sókè. Ìyá mi wé e mọ́ ọn láyà, ó yí i ká ẹ̀yìn, ó tún yí i bọ̀ níwájú, ó so ó le. Ó wá fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́ẹ́, bí wọ́n ti ń gbá ọmọ nídìí tí wọ́n bá pọ̀n ọ́n tán. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi sùn pẹ̀lú òjá náà láyà.

Ní ìdájí, wọ́n jí mi. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré, eyín mi ń lu ara wọn. Mo kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ àkùkọ. Mo gbọ́ odó tí ẹnìkan ń gún nílé kejì. Mo gbọ́ ọkàn èmi fúnra mi. Mò ń retí súfèé yẹn, mo dúró, mo dúró, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yíjú padà nítorí mo rò pé kò tíì gbéra. Ọwọ́ ńlá bà lé mi lórí.

"Ìyá mi, ṣé o gbọ́?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó di èjìká mi mú, ó wò mí lójú. "Sọ òótọ́ fún mi o."

"Òótọ́ ni, Màámi. N kò gbọ́."

Ó dìde, ó lọ mú fìlà wá, ó dé e fún un fúnra rẹ̀, ó fà á bo etí rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí bàbá mi lọ tán, ìyá mi wọ ilé ìdáná, ó sì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ó ń koná lásán ni, kò se nǹkan kan.

Nígbà tí a gbọ́ ariwo àwọn ọdẹ lójú ọ̀nà, èmi ni mo sáré jáde. Bàbá mi ló wà níwájú. Ó gbé òyà kan sí èjìká, ṣùgbọ́n kì í ṣe òyà ni mò ń wò. Oòrùn ọ̀sán ti mú kó tú òjá kúrò lábẹ́ gbérí, ó sì so ó mọ́ ọrùn ní gbangba, lójú gbogbo ayé. Wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́, wọ́n ń pè é ní ìyá ọlọ́mọ, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò wúkọ́. Nígbà tí a jẹun tán, òun àti ìyá mi jókòó síwájú ààrò, wọ́n tẹ́ òjá sórí itan àwọn méjèèjì, wọ́n ń ṣa èèmọ́ kúrò lára rẹ̀. Ibi tí mo ti ń wò wọ́n ni oorun ti gbé mi lọ.

Kí ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e tó dé, àwọn tó ń pè é ní ìyá ọlọ́mọ ti ń tọrọ òjá lọ́wọ́ ìyàwó wọn. Àwọn obìnrin ìlú wa ń ráhùn pé kí làwọn fẹ́ máa fi pọn ọmọ. Bàbá mi ṣíwájú wọn títí ó fi darúgbó, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbọn kọ́. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba gbé ọkọ mi wá sí Abuja, ìyá mi di òjá náà sínú ẹrù mi. Ó ní òun gbọ́ pé ọyẹ́ apá ibí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa.

Ó pẹ́ gan-an tí òjá náà ti wà nínú àpótí mi. Ọyẹ́ tó wà níta báyìí ló mú un jáde. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin kan wà tí àyà rẹ̀ jọ ti bàbá mi. Láti kékeré ló ti ń súfèé, kì í rìn láìsí ike oògùn kékeré tí dókítà ní kó máa fà sẹ́nu. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó bá àwọn lọ sí oko ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ní ọ̀nà Karshi, níbi tí òyà ti ń jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ run. Wọ́n fẹ́ lọ dẹ ẹ́ láàárọ̀ Sátidé. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Inú ọmọ náà bàjẹ́, nítorí pé láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kó má sáré, kó má gbá bọ́ọ̀lù, kó má wọ eruku. Níkẹyìn, wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá sọ́dọ̀ mi.

"Màmá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un," ìyàwó ọmọ mi wí. "Ẹ wo bí ọyẹ́ yìí ṣe le tó."

"Grandma, ẹ wò ó now," ọmọ náà wí, ó sì wọ jákẹ́ẹ̀tì kan jáde, àwọ̀ ọsàn pípọ́n, tó ń dán yanranyanran. "Original ni o! Cold kankan ò lè wọlé." Mẹ́gáàdì tó gbé ẹrù wọlé fún wa rí i, ó ní, "Kai!" ó sì bojú. Òórùn lọ́fínńdà ọmọ náà nìkan tó láti lé gbogbo òyà Karshi padà sí Lokoja.

Mo ní kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, kó máa rìn bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo kọjú sí ògiri tí tẹlifíṣọ̀n wà, mo di ojú. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu mi, mo ti múra láti na ọwọ́ sókè, nítorí jákẹ́ẹ̀tì yẹn á máa dún bí ọ̀rá. Mo dúró. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé kò tíì gbéra. Ọwọ́ kan bà lé mi lórí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí lára mi gan-an. Bàbá mi ni. Kí n tó la ojú, bàbá mi ni. Nígbà tí mo yíjú padà, jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn ọmọ náà, gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín. "Grandma, pẹ̀lú gbogbo noise yìí?" Ó rí ojú mi, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ti mọ̀ láti ìgbà díẹ̀ pé etí mi ń lọ. Mo kàn ń tan ara mi ni.

Mo ní kó yíjú sẹ́yìn. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sí i lẹ́yìn, mo ní kó mí. Súfèé náà wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo rán an lọ mú káàkí tí bàbá rẹ̀ wọ̀ nígbà tó jẹ́ àgùnbánirọ̀, èyí tó ti gbó tó sì ti rọ̀. Mo mú òjá, mo fi áyọ́ọ̀nù gbé e gbóná nítorí kò sí ààrò níhìn-ín, mo sì wé e mọ́ ọn láyà. Mo so ó tán, ọwọ́ mi gbá ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́ẹ́. Mo dúró díẹ̀, mo tún tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́yìn. Ó ti rọlẹ̀.

Mo wo ìyá rẹ̀. "Jẹ́ kó lọ," mo ní. "Kó mú ike rẹ̀ dání. N kò gbọ́ nǹkan kan."

Ó wò mí, èmi tí kò gbọ́ ariwo jákẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó lọ mú fìlà ọmọ náà wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ìyá rẹ̀ la jókòó sí kíṣíìnì láti òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó tan gáàsì. Nígbà tó padà dé nírọ̀lẹ́, kò mú òyà kankan bọ̀. Ó ní àwọn rí ọ̀kan, ó sì wò wọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ. Òjá wà lọ́rùn rẹ̀, èèmọ́ bò ó. Ìyá rẹ̀ fẹ́ jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ti bu ọṣẹ. Kí n tó la ẹnu ni ọmọ tí kò lè sọ Yorùbá já gaara ti pariwo pé, "Mummy, rárá o! Wọn kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́!"

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Igbó tí bàbá mi ń ṣíwájú wọ̀, mo gbọ́ pé ilé ló wà níbẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń hun kíjìpá nílé wa mọ́, èmi gan-an kò kọ́ ọ. Ọyẹ́ nìkan ni mo mọ̀ tó ṣì ń wá bó ṣe ń wá. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé náà, èmi àti ọmọ ọmọ mi jókòó sórí ilẹ̀ táìlì, a tẹ́ òjá sórí itan àwa méjèèjì, a ń ṣa èèmọ́. Èyí tí ojú mi kò bá rí, òun ló ń rí i. Láti ọjọ́ náà, tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kì í dúró lọ́ọ̀ọ́kán pariwo bí àwọn yòókù. Á rìn wá sẹ́yìn mi, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé mi lórí.